Orúkọ Tí Mo Pè Létí Adágún Bómò

Ikú dá mi lóró o, Bàbá Bọ́lá. Ó di ọjọ́ àjíǹde kí n tó tún gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín nínú ilé wa ní Sàríà. Akọ̀wé rélùwéè tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn àti máa ya àwòrán ẹyẹ ju oúnjẹ lọ, ṣé bí ẹ ṣe máa lọ nìyí?

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ọmọ wa pàápàá kò gbọ́ ọ rí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, kò tíì pẹ́ tí rélùwéè gbé wa dé Sàríà. Ẹ gbọ́ pé ẹyẹ gauraka, tó ní ìyẹ́ bí adé lórí, ń wá mumi ní adágún ẹ̀yìn abúlé Bómò. A jí lọ. Baba apẹja kan fi èdè Haúsá kìlọ̀ fún wa lójú ọ̀nà: "Málàm, akwai kada a ruwan nan." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọ̀nì wo ló máa gbé inú omi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fà gbẹ tán.

Ẹ gbé kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ létí omi, ẹ da aṣọ dúdú borí, ẹ sì sọ fún mi bí ìṣe yín: "Ẹyẹ kì í dúró de aláriwo. Ohunkóhun tí o bá rí, má fọhùn." Gíláàsì tí kámẹ́rà ń ya àwòrán sí, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ yín. Àwọn gauraka bà sódìkejì. Ìgbà náà ni mo rí ìtì igi kan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kò fẹ́. Ìtì igi náà ní ojú.

Mo wúkọ́. Ẹ na ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ pé kí n dákẹ́. Mo ní, "Ẹ gbọ́ ná, ọ̀nì!" Ẹ tún ju ọwọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ baba apẹja ni mo kàn ń tún sọ. Kí ni mo lè pè yín? A kò tíì bímọ, n kò ní Bàbá Lágbájá tí mo lè ké sí, ìyàwó ilé yín kì í sì í pe ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó rí. Ọ̀nì náà ti dé ẹsẹ̀ kámẹ́rà.

"Ọládélé!"

Ẹ fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó, nítorí ẹ kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Ọ̀nì pa ẹnu dé mọ́ ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ó wọ́ ọ lọ sínú omi taṣọ-taṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ yín. Orúkọ tí mo pè bà mí lẹ́rù ju ọ̀nì lọ.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rò ó fún ìyá yín tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní, "Ìyàwó tí kò tíì bí, òun ló ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ?" Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní, "Ìyá mi, bí kò bá pè mí, ta ni ì bá máa dá yín lóhùn báyìí?" Wọ́n bú sẹ́kún. N kò kó ẹrù mọ́.

Nígbà tí Bọ́lá dé, ẹ di Bàbá Bọ́lá, n kò sì pe orúkọ yẹn mọ́, àfi lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Ibà ti gba ohùn yín. Mo pe Bàbá Bọ́lá, ẹ kò jẹ́ mi. Mo wá pe Ọládélé, ẹnu ya àwọn ọmọ, mo pè é títí ohùn mi fi há. Ẹ kò mira.

N kò bá yín bínú. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ jẹ́ mi, ẹ jẹ́ mi, òun la fi rí ọmọ bí. N kò ní pè yín mọ́, Ọládélé. Ẹ sùn re o.