Ọjọ́ Tí Àpáta Pe Sàfú

Fẹhíntọlá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ajílété, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gbangba ni baba rẹ fi ń gbọgbẹ́. Àbẹ̀kẹ́ adúmáradán, obìnrin tó dúdú bí kóró iṣin, tíṣà tí kò na ọmọ kó tó kọ́ ọmọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ló bí ọ, Ọ̀yọ́ ló jẹ èrè iṣẹ́ rẹ. Sùn re o.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹni tó lọ yìí fún yín, kí ẹ lè mọ̀ pé irú wọn wà rí.

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo wà ní kíláàsì mẹ́rin ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ owó di ọ̀wọ́n, ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Nǹkan wọ́n. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì wa, ti tíṣà ni, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti já. Mo rántí bí gbogbo wa ṣe jókòó. Múfútáù ló wà lẹ́nu fèrèsé, Bọ́sẹ̀ àti Kẹ́hìndé wà níwájú, Rámónì tó máa ń sùn wà lẹ́yìn pátápátá. Èmi àti Sàfúrátù la jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Bí ọ̀kan nínú wa bá dìde láìsọ fún èkejì, ilẹ̀ ni èkejì ń bá ara rẹ̀.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, tíṣà wa, kò tíì lọ́kọ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ìwé, wọ́n ní kò burú, etí wa náà ìwé ni. Wọ́n á ní kí gbogbo wa dijú, ká sọ ohun tí a bá ń gbọ́. A ó máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ, odó tó ń dún ní ilé kejì, omi òjò tó ń kán sínú garawa. Ohun tí a bá fi etí mú ni wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Mi ò lọ jìnnà nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kí n tó kọ wọ́n yẹn, ìkankan ò jábọ́ títí dòní.

Ọjọ́ kan ni wọ́n sọ fún wa pé nínú ìwé òyìnbó, àkùkọ kì í kọ kékeréke bíi tiwa, pé kọ́kù-a-dúdù-dú ló ń kọ. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Múfútáù ní bí irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ bá kọ ní ìdájí ní àdúgbò àwọn, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a láàyè. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní, "Àkùkọ kan náà ni o. Etí àwọn tó ń gbọ́ ọ ni kò dọ́gba." Báyìí náà ni wọ́n ṣe là á yé wa pé mọ̀nàmọ́ná àti ààrá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń jáde nílé. Ìmọ́lẹ̀ ló lẹ́sẹ̀ ju ohùn lọ, òun ló ṣe ń kọ́kọ́ dé.

Wọ́n tún ní bí ohùn bá ń lọ, tó bá kọ lu nǹkan líle, ó lè padà wá, bíi bọ́ọ̀lù tí a gbá mọ́ ògiri. Ìyẹn la ò gbà. Wọ́n bá kó wa lọ sí ìdí àpáta ńlá kan lẹ́yìn oko, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, wọ́n ní ká kí i ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wa pariwo, "Gúùdù mọ́nìn!" Àpáta náà sì dáhùn, "Mọ́nìn!" Ẹnu yà wá. Kẹ́hìndé ní àpáta ti ka ìwé ju Rámónì lọ. Bọ́sẹ̀ bèèrè bóyá ó gbọ́ Yorùbá.

Sàfú, tó láyà jù nínú wa, bọ́ síwájú, ó pe orúkọ ara rẹ̀: "Sàfúrátù o!"

Àpáta ní, "Rátù o!"

Ohun tí Sàfú ṣe lẹ́yìn èyí, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé nìkan ló lè ṣe é. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti kúnlẹ̀, ó ti dáhùn, "Mà!"

Rámónì rẹ́rìn-ín. Àwa yòókù fà sẹ́yìn kúrò nídìí àpáta. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Ní ilé wa, ọmọ tí àgbà pè tí kò jẹ́, ìyà ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ló kọ́ wa pé bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ nínú igbó, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ o. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè àìrí ti gbà láti tẹ̀ lé e nìyẹn. Àǹtí sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ògiri títí, kò sẹ́ni tó gbọ́ mọ́. Sàfú sunkún délé, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ara Sàfú gbóná. Ìyá rẹ̀ ló ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà Akẹ̀sán, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí inú rẹ̀ sì rọ̀ bí ọṣẹ tó ń tà. Wọ́n se àgbo, wọ́n gba omi hàǹtú tí alùfáà fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà, ara náà ò rọlẹ̀. Àwọn ará ilé dárúkọ ọsibítù, Ìyá Sàfú kọ̀. Wọ́n ní ẹni tí àpáta pè, abẹ́rẹ́ kì í dá a padà. Ni àwọn ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì wa. Bàbá mi ní kí n máa lọ bá àbúrò wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n lọ kọ́ irun dídì. Wọ́n ti di aṣọ mi. Nígbà tí mo lọ kí Sàfú pé ó dìgbà, ojú rẹ̀ ti jìn, kò sì dá mi mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ wọ agbo ilé Sàfú, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Wọ́n kí Ìyá Sàfú, Ìyá Sàfú ò jẹ́ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìwé rárá. Wọ́n kàn ní kí gbogbo àgbà ilé jọ̀ọ́ bá wọn dé ìdí àpáta.

Ìyá Sàfú ní, "Kó lè pe àwa náà?"

"Rárá o, mà. Kí n lè lọ jẹ́ ìpè náà ni."

A lọ, àgbà níwájú, àwa ọmọdé lẹ́yìn. Àǹtí dúró síbi tí Sàfú dúró sí gan-an. Wọ́n pe orúkọ ara wọn: "Fẹhíntọlá Àbẹ̀kẹ́ o!" Àpáta ní, "Bẹ̀kẹ́ o!" Wọ́n fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n sì dáhùn, "Mà!" Wọ́n wá yíjú sí àwọn àgbà.

"Èmi ni mo kó wọn wá, èmi sì ni àgbà wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bá jẹ́ ìpè ló ń mú lọ, èmi náà ti jẹ́ báyìí. Kó mú èmi. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ yín lọ sí ọsibítù."

Ìyá Sàfú wò wọ́n títí. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò ní ìyá ni?"

"Mo ní, mà. Wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ìyá Sàfú tún ìró wọn ró, wọ́n ní ó yá, ká lọ gbé e. Bí a ṣe ń lọ, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n bú àpáta náà. Àpáta bú wọn padà. Wọ́n ní orí burúkú rẹ ò ní ràn wá, àpáta ní ò ní ràn wá. Bàbá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ibà ni, ẹ̀yin ọmọ. Dókítà ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Sàfú padà sórí bẹ́ǹṣì wa, ó rù, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi tú ẹrù aṣọ mi, mi ò lọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn wa ò tíì balẹ̀ lórí Àǹtí. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí wọ́n bá wúkọ́ báyìí, gbogbo kíláàsì á dákẹ́, Rámónì pàápàá á jí.

Ìgbà tí èmi náà ti di ìyá ọmọ ni mo bi wọ́n léèrè bóyá ẹ̀rù bà wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ohùn mi ni. Síbẹ̀, gbogbo ara mi ló gbọ̀n."

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti fọ́ àpáta náà, wọ́n ti fi kọ́lé. Fóònù ló ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, níléèwé wọn, ẹni tó bá sọ Yorùbá, wọ́n á ní kó lọ dúró sígun. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló burú. Lónìí, bí ara ọmọ bá gbóná, ọsibítù la kọ́kọ́ ń sáré lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjíròrò mọ́. Ìyẹn dára. Àmọ́ mo máa ń wo àwọn tíṣà tó ń jáde nílé ìwé wọn lọ́sàn-án, tí wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ sílé, mo sì máa ń bi ara mi léèrè pé èwo nínú wọn ló mọ ilé ọmọ tí kò wá sí kíláàsì lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni a sin Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ sí ilé bàbá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí bu erùpẹ̀ tán, Sàfú ló tẹ̀ lé wọn, òun náà bu tirẹ̀ bí ọmọ.