Ìyàtọ̀ tí Mo Pa Mọ́ Nínú Fọ́ọ̀mù Gáàsì

Sítóòfù oníkẹrosíìnì la fi ń dáná nílé mi títí di òní. Ìyàwó mi ti bẹ̀ mí títí, ó sú u. Àwọn ọmọ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá àwọn ń gbé Èkó bí ẹni tó ń gbé abà. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé gáàsì ti wọ́n jù. Irọ́ ni. Tí mo bá wọ ilé onílé, imú mi ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń wá ìjókòó tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì kan ní Erékùṣù Èkó. Iṣẹ́ wa ni láti mọ iye gáàsì tó ń wọlé àti iye tí àwọn ènìyàn ń lò ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn ọ̀gá ńlá ló ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ń wa gáàsì láti inú ilẹ̀ àti àwọn tó ń fi páìpù gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe iná mànàmáná. Àwa kéékèèké la máa ń rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ìdáná sínú sílíńdà. Fọ́ọ̀mù kan ni fún ibì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ìlà márùn-ún ló wà lórí rẹ̀: iye tó wà nínú táǹkì nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀, iye tí ọkọ̀ gbé wá, iye tí wọ́n tà, iye tó ṣẹ́ kù. Èyí tó kẹ́yìn ni Ìyàtọ̀. Ohun tó wọlé, tí wọn kò tà, tí kò sì sí nínú táǹkì mọ́, orí ìlà yẹn ló yẹ kó wà. Wọ́n á wá ro fọ́ọ̀mù tiwa pọ̀ mọ́ ti àwọn ìlú yòókù, ìyẹn ni wọ́n á gbé lọ síwájú pé ohun tí orílẹ̀-èdè lò nìyí.

Ọ̀gá tó wà lórí wa kì í fẹ́ rí nǹkan kan lórí ìlà Ìyàtọ̀ àfi òdo.

“Gáàsì kì í ṣe ẹyẹ,” ni wọ́n máa ń wí. “Tó bá wọlé, ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ní ìyàtọ̀, bóyá kò débẹ̀, bóyá kò mọ ìṣirò.”

Wọ́n á fi bírò pupa ha fọ́ọ̀mù náà, wọ́n á ní kí o padà síbi tí o ti ń bọ̀. Ibi tí mo ti ń bọ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sáré padà sí. Apá Ìkàtẹ́ sí Ajah ni wọ́n fún mi. Wọ́n ṣì ń la títì nígbà náà. Tí mo bá rí ojúure, màá gun típà tó ń kó yẹ̀pẹ̀ pupa lọ fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Tí n kò bá rí i, ẹsẹ̀ ni, nínú iyanrìn tó ń mú ènìyàn dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ibi ìrọgáàsì kan wà lọ́nà Ajah. Àgọ́ àwọn tó ń la ọ̀nà ló ń rà níbẹ̀ jù, pẹ̀lú ilé ìgbafẹ́ díẹ̀ létí òkun. Ìkòyí ni ẹni tó ni ín ń gbé. Bàbá kan ló fi síbẹ̀. Apẹja ni Bàbá yìí tẹ́lẹ̀, ọmọ abúlé kan létí ọ̀sà. Orúnkún ló lé e kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní okùn. Bí àwọn ará abúlé rẹ̀ ṣe ń ka agbọ̀n ẹja tí wọ́n bá kó fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja ni òun náà ṣe ń ka sílíńdà. Tó bá rọ kékeré kan, á ta kókó kan sára okùn àwọ̀n. Tó bá jẹ́ ńlá, á ta méjì mọ́ra. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kan bá ṣú, á so àkísà pupa tín-ín-rín mọ́ ọn. Okùn kan fún oṣù kan, á fi kọ́ ìṣó nínú yàrá rẹ̀.

“Akọ̀wé ìjọba,” ni Bàbá á wí tó bá rí mi lókèèrè, “iyanrìn ò tíì gbé ẹ mì?”

“Ó kù díẹ̀, Bàbá.”

“Bọ́ bàtà yẹn. Ta ní ń wọ bàtà aláfẹ́ wá sétí òkun? Jókòó, ká kà á.”

Á máa fi ìka tọ okùn náà, á máa pè é, èmi á máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí mo máa ń mú dání. Lẹ́yìn náà a ó lọ wo aago tó ń fi iye gáàsì hàn lára táǹkì.

Oṣù kan wáyé tí ìṣirò kò dọ́gba. Nǹkan bíi sílíńdà kékeré mẹ́ta ló dín nínú táǹkì.

“Bàbá, okùn yín fo mẹ́ta.”

“Okùn mi kì í fo. Àwọn ìyá tí mo kó ẹja fún nígbà ayé mi, tí o bá ṣì wọ́n kà, wọn ó bú ẹ dé ìyá tó bí ìyá ẹ. N ò ṣì wọ́n kà rí.”

“Gáàsì náà wá ńkọ́?”

Ó fi àgbọ̀n júwe abẹ́ táǹkì. “Imú ẹ dí ni? Ibi tí wọ́n ti so páìpù yẹn ló ń rùn. Mo sọ fún dẹ́rẹ́bà tó ń gbé e wá, ẹ̀rín ló fi mí rín. Kọ ọ́ síbẹ̀. Ìwé tìẹ ló ń dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọ́n á rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbọ́ òórùn náà, bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi: Ìyàtọ̀, mẹ́ta, páìpù ń jò. Mo kọ ọ́ lójú Bàbá. Inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo gbé fọ́ọ̀mù síwájú, mo rántí bírò pupa, mo rántí iyanrìn. Mo mú mẹ́ta yẹn, mo fi kún iye tí wọ́n tà. Gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀gá wo fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ní, “Ẹ wo iṣẹ́ akọ̀wé gidi.” Inú tèmi náà dùn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó di méje. Oṣù kẹta, mọ́kànlá. Mo fi pẹ́ńsù kọ òtítọ́ lójú Bàbá, mo fi bírò kọ òdo lójú ọ̀gá.

“Wọn ò tíì wá o,” ni Bàbá wí.

“Wọ́n ń bọ̀, Bàbá.”

“Atẹ́gùn òkun ló ń gbà wá. Ọjọ́ tí kò bá fẹ́…” Kò parí rẹ̀. Mo ti ń wọ bàtà mi.

Ọjọ́ tí kò fẹ́ bá mi níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ewé àgbọn kan kò mì. Lẹ́yìn ọgbà, obìnrin kan tó ń yan ẹja ti lọ pọn omi, ó fi iná ẹja sílẹ̀ nínú agbada. Èmi àti Bàbá jókòó, a ń ka okùn. Ó gbé imú sókè lójijì.

“Akọ̀wé, dìde.”

Iná náà kò bú gbàmù bí mo ṣe rò pé iná gáàsì máa ń ṣe. Láti ìdí iná ẹja, orí iyanrìn ló gbà wá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi ìgbì tó gun etíkun. Mo sáré. Mo fo ọgbà. N kò mọ̀ pé mo lè fo ọgbà. Nígbà tí mo dúró sídìí àgbọn, tí mo wẹ̀yìn, Bàbá tí orúnkún ń dùn ti bẹ̀rẹ̀ sídìí táǹkì, ó ń fi ọwọ́ lásán yí ẹ̀rọ tó ń sé gáàsì náà nínú iná. Ó sé e. Ká ní kò sé e ni, àgọ́ àwọn tó ń la ọ̀nà, obìnrin ẹlẹ́ja, èmi tí mo wà nídìí àgbọn, n kò mọ ẹni tí ì bá ṣẹ́ kù.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pè wá jókòó. Ẹni tó ni ibẹ̀ wá, ọ̀gá mi wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù oṣù mẹ́ta. Wọ́n fi owó ọjà tí Bàbá kó fún ẹni tó ni ibẹ̀ wé iye tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù ní ó tà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ibẹ̀ pàtẹ́wọ́.

“Ó ti yé mi. Ó ń tà á ní kọ̀rọ̀. Níbi tó ti ń fi wàdùwàdù jí i rọ ni iná ti ṣẹ́ yọ.”

Bàbá jókòó sórí àpótí, báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́. “Ẹ ka okùn mi,” ni ó wí. “Ó wà lára ìṣó.”

“Okùn?” Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ṣé okùn ewúrẹ́ la fẹ́ gbé fún ìjọba?”

Ọ̀gá mi kọjú sí mi. “Ìwọ lo kọ fọ́ọ̀mù yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé ohun tó sọ fún ẹ nìyí?”

Ìwé kékeré náà wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo ń fọwọ́ kàn án. Bàbá ń wò mí, kò bínú, ó kàn ń dúró de ohun tó mọ̀ pé mo fẹ́ sọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni mo wí.

Wọ́n lé e. Wọn kò fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ṣàánú ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà dé abúlé ṣáájú rẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn onítípà pé Olè Gáàsì ni wọ́n ń pè é. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo gbé ìwé kékeré náà sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, n kò jó o, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọdún kẹrin, lẹ́yìn tí mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo gbé ìwé náà, mo lọ sí abúlé Bàbá. Títì ti dé. Bàbá jókòó níwájú ilé rẹ̀, ìka rẹ̀ ti ká kò bí ẹsẹ̀ akàn, kò lè ta kókó kankan mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Akọ̀wé ìjọba,” ó wí. “Títì ti dé. Iyanrìn ò lè gbé ẹ mì mọ́.”

Mo na ìwé náà sí i.

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ohun tí okùn yín wí ni, Bàbá.”

Kò gbà á. “Èmi kọ́ ló yẹ kí o kà á fún. Èmi mọ̀ ọ́n.” Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó tú okùn lọ́rùn ewúrẹ́. Okùn oṣù mẹ́ta náà ni, ó ti so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Àkísà pupa ara rẹ̀ ti funfun.

Ó ṣáájú mi lọ sétí omi, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ní kí ọ̀kan nínú wọn di okùn náà mú. Èmi ka ìwé, ọkùnrin náà fi ìka tọ kókó. Mo pe ọjọ́ kan, ó ní, “Ó wà níbẹ̀.” Mo pe òmíràn, ó ní, “Ó wà níbẹ̀.” Nígbà tí mo ka èyí tó kẹ́yìn, Ìyàtọ̀, mọ́kànlá, páìpù ń jò, ohùn mi ti lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní kí n tún un kà.

Ọkùnrin tó di okùn mú wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ìgbà wo lẹ ti mọ èyí?”

“Láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́.”

“Kí iná tó jó?”

“Kí iná tó jó.”

Ẹnikẹ́ni kò bú mi. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó lọ bá Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn. Òmíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo ń wá ibi tí mo lè gbójú sí.

“Ẹ fún un lómi,” ni Bàbá wí. “Ọ̀nà rẹ̀ jìn.”

Wọ́n gbé omi wá nínú kọ́ọ̀pù. Mo mu ún tán lójú wọn, díẹ̀díẹ̀, nítorí n kò mọ ohun tí mo lè ṣe tó bá tán.