Oríkì Ilé Ọkọ Mi ní Texas

Lọ́jọ́ tí a sin ọkọ mi, ìyá mi pè mí láti Ọ̀yọ́. Wọn ò béèrè bóyá mo sùn, wọn ò béèrè bóyá mo jẹun. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Kí lo fi kì í?"

Mo wà nínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ìyá ọkọ mi ní Missouri City nígbà náà, mo ti bọ́ bàtà dúdú tó ń fún mi lẹ́sẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Màmi, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Wọn kì í ki òkú níbí. Wọ́n kọrin, pásítọ̀ sọ̀rọ̀, a jẹ adìyẹ díndín, ó tán."

Ìyá mi kò gbà. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ṣoṣo ni ìyàwó tó ní. O wá jẹ́ kó lọ báyẹn, bí ẹni tí kò nílé?"

N kò bínú. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù, nítorí bínúbínú ni mí. Mo lè tìtorí ibi ìgbọ́kọ̀sí bá ènìyàn jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ńṣe ni ọ̀rọ̀ ìyá mi rí lára mi bí ìgbà tí dókítà eyín bá ti gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tán. O mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan lẹ́nu rẹ, ṣùgbọ́n kò dùn ọ́. Mo wọ bàtà mi padà, mo lọ bá wọn jẹ adìyẹ. N kò mọ adùn rẹ̀.

Nílé wa, àwọn ìyàwó ló ń ki ọmọ ilé. Obìnrin tí wọ́n bá gbé wọlé lónìí, kó tó mọ ibi tí wọ́n ń kó igi sí, á ti máa kọ́ oríkì ilé ọkọ lẹ́nu àwọn ìyálé. Gbogbo àárọ̀ ni ìyá mi ń ki bàbá mi, kódà bí wọ́n bá jà mọ́jú. Wọ́n á fajú ro bíi pé òjò fẹ́ rọ̀, wọ́n á gbé ẹ̀kọ àti àkàrà kalẹ̀, wọ́n á sì máa kì wọ́n lọ. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi kì wọ́n dé ẹnu ibojì títí ohùn wọn fi há. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé àwọn èèyàn ní láti dì mí mú. Nítorí náà, ìbéèrè ìyá mi yé mi dáadáa. Bí wọn ò bá ki òkú, n kò mọ ibi tí ẹkún ń gbà jáde.

Ẹnjiníà ni ọkọ mi, ní Clear Lake, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń lọ sójú ọ̀run. Mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ó mọ ọ̀nà òṣùpá, kò sì mọ ọ̀nà ilé bàbá-ńlá rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní òun gbọ́ pé òyìnbó kan ló bí ẹni tó ṣẹ àwọn sílẹ̀, pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ òun parí sí. Àárín iṣẹ́ ni ọkàn rẹ̀ dúró lójijì. A ò bímọ. Bí èmi kò bá kì í, kò sẹ́ni tí yóò kì í mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í gbé òkúta lé ibojì lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n á lọ gbẹ́ orúkọ sí i, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá. Ìyá ọkọ mi mú Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn, ọdún tí wọ́n ń ṣe lópin oṣù kọkànlá. Mo sọ fún ara mi pé kí ọjọ́ náà tó pé, mo gbọ́dọ̀ rí oríkì kan gbé dání lọ. Bí n kò bá rí i, òkúta nìkan ni yóò bá a sọ̀rọ̀, òkúta kò sì mọ̀ ju orúkọ àti déètì méjì lọ.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìkàwé. Ọ̀kan wà ní Houston tó jẹ́ pé ìwé ìran àwọn ìdílé nìkan ló kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí n kò bá lọ sí ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní League City, màá bọ́ sí freeway, títì márosẹ̀ wọn, láàárọ̀, màá lọ jókòó sáàárín àwọn òyìnbó arúgbó tí wọ́n wọ súẹ́tà nítorí òtútù ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rí bàbá-ńlá rẹ̀ nínú fíìmù tí wọ́n ya ìwé àtijọ́ sí, á pariwo bí ẹni tí àlejò dé bá. Èmi kì í pariwo. Bí mo ṣe ń ka kóró oògùn lórí pẹpẹ ni mo ṣe ń ka òkú.

Ìwé ìkànìyàn tó tẹ̀lé ogun abẹ́lé wọn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ fi orúkọ ka àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Mo rí bàbá-ńlá ọkọ mi níbẹ̀, àgbẹ̀ ní ìlà oòrùn Texas, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Níbi tí wọ́n ń kọ àwọ̀ sí, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ méjì ló dà pọ̀ lára rẹ̀. Mo rí òyìnbó kan tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà nínú ìwé Alabama tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Nínú ìwé tí òyìnbó yìí fi pín ohun ìní rẹ̀, mo rí orúkọ bàbá-ńlá ọkọ mi, ọmọdé ni nígbà náà. Mo ní ó tán, mo ti rí bàbá.

Ẹ má rò pé n kò mọ ohun tí wọ́n fojú èèyàn dúdú rí nílẹ̀ yìí. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi tọ́ mi ni mo fi ronú. Nílé wa, ẹni tó bí ọmọ ló ni ọmọ. Bí ẹrú bá bímọ fún olówó rẹ̀, ọmọ ilé lọmọ yẹn, ó sì lè jókòó síbi tí àwọn ọmọ yòókù bá jókòó. Mo ní bó bá jẹ́ òyìnbó ló bí i, a jẹ́ pé oríkì òyìnbó náà loríkì ọkọ mi, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ni mo bá tẹ̀lé wọn lọ. Láti Alabama mo bá wọn padà sí Georgia, láti Georgia sí North Carolina, títí mo fi bá wọn dé Virginia, níbi tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi. Ìwé ilẹ̀ ló ń fọ̀nà hàn mí. Wọ́n á ra ilẹ̀, wọ́n á gbin tábà tàbí òwú sí i títí yóò fi ṣá, wọ́n á tà á, wọ́n á tún dìde sí ìwọ̀ oòrùn. Bí bàbá bá ti kú, àwọn ọmọ á kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Àwọn èèyàn tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo hun oríkì fún wọn:

*Ọmọ a-wọkọ̀-ojú-omi-dé-Virginia,*
*ọmọ a-gbin-tábà-títí-ilẹ̀-fi-ṣá.*
*Ilẹ̀ ṣá tán, wọ́n dìde, wọ́n gba Georgia lọ.*
*Ọmọ a-ta-oko-kan-ra-méjì.*

Mo kì í fún ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní ó dùn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kankan nílé náà ni?" Mo ní ìwé ilẹ̀ kì í sábà dárúkọ obìnrin. Ìyá mi ní, "Hùn," wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà sí orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Missouri City. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Béébì ni wọ́n ń pè mí, èmi náà ń pè wọ́n ní Màmá. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n nínú orí mi, n kò fi "ìwọ" pè wọ́n rí. Wọ́n á bu ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹran tòlótòló tí wọ́n yan gbẹ sè fún mi, pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo, màá jókòó ti tábìlì, màá máa ròyìn ibi tí mo bá àwọn òyìnbó náà dé. Wọn kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n á kàn ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, béébì," wọ́n á tún bu ẹ̀fọ́ kún abọ́ mi.

Sátidé tó ṣáájú ti òkúta, mo ki oríkì náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Màmá gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ta lo fẹ́ dúró lórí ọmọ mi kó o máa dárúkọ rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹni tó bí bàbá-ńlá wọn ni, Màmá. Nílé wa, ẹni tó bá bí ọmọ ló ni ín."

"Ìwé tó fi pín ohun ìní rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó wà nínú fóònù mi. Wọ́n ní kí n ka ibi tó kan ọmọ náà, kí n kà á sókè. Mo kà á. Òyìnbó náà ní òun fún ọmọ òun obìnrin tó ń relé ọkọ ní ibùsùn kan pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, màlúù méjì, obìnrin kan, àti ọmọkùnrin obìnrin náà, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ orí ọmọ náà.

Mo dúró. Mo ti ka ìlà yẹn tẹ́lẹ̀, mo tilẹ̀ ti fi ọwọ́ ara mi dà á kọ. Mo ti wá ọjọ́ orí ọmọ náà níbẹ̀, mo rí i, inú mi dùn pé ó bá ti ìwé ìkànìyàn mu. Kò sí ibì kankan tó dùn mí nígbà náà.

"Ó bí i," ni Màmá wí, "ó sì fi í ṣe ẹrù ìyàwó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Mo mọ èyí tó kù láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ ọ́. Ọmọ tí bàbá kò bá gbà ní tirẹ̀, nílé wa pàápàá, ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ. Ìyá rẹ̀ ni "obìnrin kan" tó wà láàárín màlúù àti ọmọ.

Ni Màmá bá sọ̀tàn fún mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ìyá ọkọ tiwọn mú wọn jókòó síwájú ilé, wọ́n jọ ń bó ẹ̀wà tútù, wọ́n sì sọ ọ́ fún wọn. Obìnrin inú ìwé náà fi ẹsẹ̀ rìn láti Alabama dé Texas lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹṣin ìyàwó tuntun. Ó pọn ọmọ náà títí ó fi wúwo jù, lẹ́yìn náà ó fà á lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé odò Sabine, omi kún. Ó ya lára aṣọ ìborí kẹ̀kẹ́, ó fi so ọmọ mọ́ ara rẹ̀, ó ní bí odò bá máa gbé ọ̀kan, kó gbé méjèèjì. Odò kò gbé ẹnì kankan. Nígbà tí òmìnira dé, ọmọ yẹn ló ra oko àkọ́kọ́. Màmá pe orúkọ obìnrin náà fún mi. N kò rí i nínú ìwé kankan rí.

Ojú tì mí, lọ́nà kan tó jìnnà. Ìyàwó ilé ni Màmá, bíi tèmi. Ìyálé mi ni wọ́n. Ìyàwó tó gbọ́n a máa lọ jókòó ti ìyálé kó tó ṣe ohunkóhun, ìyá mi ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi bí mo bá bi wọ́n. Èmi rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà, inú ìwé ni wọ́n ń kó gbogbo nǹkan wọn sí. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò, Sókótó tèmi kàn wá jìnnà dé Virginia ni.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"O ò béèrè." Wọ́n fa abọ́ mi sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n wò ó. Kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀. "Lẹ́yìn tí a sin ín, wàá wá síbí, wàá kàn máa fi fọ́ọ̀kì yí oúnjẹ ká. Àtìgbà tó o ti ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn olè yẹn lo ti ń jẹun, o ò sì mọ̀ pé ò ń jẹun. Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ fún wa díẹ̀. Ó ti yá kí wọ́n ṣe é."

Lọ́jọ́ òkúta, àwa méjèèjì nìkan la lọ. Ooru mú bí ẹni pé oṣù kọkànlá kò tíì dé. Mo pe ìyá mi ní Ọ̀yọ́, mo gbé fóònù lé orí òkúta kí wọ́n lè gbọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko, mo gbé ọwọ́ lé orúkọ ọkọ mi, mo kì í.

*Ọmọ obìnrin tó fẹsẹ̀ wọ Texas,*
*ọmọ a-faṣọ-kẹ̀kẹ́-sọmọ-mọ́ra.*
*Odò kún, odò ò lè gbé ìyá kó fọmọ sílẹ̀.*
*Ọmọ ẹni tí wọ́n fi ta ìyàwó lọ́rẹ, tó dìde, tó di onílé.*

Mo pe orúkọ obìnrin náà, mo sì fi ti ọkọ mi tẹ̀ lé e. Níbi tí mo bá ti mí, Màmá á ní, "Sọ ọ́," bí wọ́n ṣe máa ń dá pásítọ̀ lóhùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò gbọ́ ju orúkọ méjèèjì yẹn lọ nínú ohun tí mo ń wí. Láti inú fóònù, ìyá mi ní, "Hẹn-ẹ́n. Èyí nílé."

Mo dúró kí ẹkún dé. Kò dé. Mo gbọn koríko kúrò ní orúnkún, a padà sínú mọ́tò, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, n kò sì ṣíná sí i.

Mo ní, "Màmá, ebi ń pa mí."

Wọ́n yíjú wò mí. Wọ́n ṣí àpò wọn bí ẹni tó fẹ́ wá nǹkan fún mi jẹ níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n wá bú sẹ́kún.