Páálí Káàdì Tí Baba Mi Rà ní Adum

Irú ìṣirò kan wà tí kì í béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n á gbé ìbéèrè kalẹ̀, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ méjì tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tìrẹ ò sì ju pé kó o sọ bóyá ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní nìkan tó láti fi mọ ìdáhùn, tàbí ìkejì nìkan, tàbí ó dìgbà tá a bá pa méjèèjì pọ̀, tàbí pé pẹ̀lú méjèèjì náà, kò tíì tó. Bó o bá jókòó tí o ń ṣe ìṣirò náà délẹ̀, àkókò rẹ lo fi ń ṣòfò. Èmi tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kí n ṣe iṣẹ́ parí kí n tó gbórí sókè, díẹ̀ ló kù kí irú ìṣirò yìí gba ẹ̀mí mi.

Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tí mo dáwọ́ lé e. Ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo ti fìdí rẹmi. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo máa ń ka ìwé, kí n tó wọ ọkọ̀ trotro láti Tafo lọ sí Adum, ní Kùmásì níbí, níbi tí mo ti ń ṣe ìṣirò owó fún ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Kò tíì sí ohun tí mo ṣe lóòjọ́, ó ti rẹ̀ mí. Nígbà mìíràn mo máa ń ka ìbéèrè kan títí ojú mi á fi ṣú, síbẹ̀ mi ò ní mọ ohun tí wọ́n ń bi mí.

Ìyá mi ti ṣaláìsí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti lọ sọ́nà jíjìn. Èmi àti baba mi nìkan ló kù nínú yàrá méjì tá à ń gbé. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kánádà kọ̀wé pé àwọn á gbà mí tí máàkì mi bá tó, mo ka lẹ́tà náà fún un. Ó ní Ọlọ́hun á yan èyí tó dáa. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní orúnkún òun ò jẹ́ kí òun tètè dìde nílẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Mo pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, mo tún tú wọn ká, mi ò rí i mọ̀ nínú wọn bóyá ó fẹ́ kí n lọ. Mi ò sì lè béèrè, nítorí nílé wa, a kì í fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ká àgbà mọ́.

Apá tó ń dá mi dúró jù nínú ìwé náà ni ti ayò tó jẹ mọ́ oríire: ẹyọ owó tí wọ́n jù sókè, ọmọ ayò lúdò, àti káàdì. Alfa ni baba mi. Ìlọrin ni baba tirẹ̀ ti wá, òwò àti kéú ló gbé e dé Kùmásì. Lúdò ò wọ ilé wa rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, obìnrin kan nínú agbo ilé wa yá mi ní tirẹ̀. Baba mi ò pariwo. Ó kó o, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà fún un, ó dúpẹ́, ó ní àwa kì í lò ó, tẹ́tẹ́ ni bí kò tiẹ̀ sí owó níbẹ̀. Ọmọ ayò lúdò, ó kéré tán, mo ti rí i. Káàdì ní tirẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án rí láyé mi.

Ìbéèrè kan wá báyìí. Wọ́n yọ káàdì díẹ̀ kúrò nínú páálí kan tó pé, wọ́n wá fa ẹyọ kan nínú ìyókù láìwò ó. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé káàdì tí wọ́n ń pè ní ọba ló máa jẹ́? Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní: káàdì mẹ́rin ni wọ́n yọ. Ọ̀rọ̀ kejì: kò sí ọba kankan nínú àwọn tí wọ́n yọ. Mo dáhùn pé méjèèjì ò tó. Ta ló sọ fún mi iye tó wà nínú páálí tẹ́lẹ̀? Ta ló sọ iye ọba fún mi? Ní Kùmásì níbí, ọba kan ṣoṣo la mọ̀. Fóònù tí mo fi ń dán ara mi wò ní mo kùnà, ó ní tá a bá pa méjèèjì pọ̀, ó ti tó, nítorí gbogbo ayé ló mọ iye káàdì. Inú bí mi. Gbogbo ayé yẹn, èmi ò sí nínú rẹ̀.

Mo lọ bi àwọn awakọ̀ tó máa ń ta ayò káàdì lórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ Tafo tí wọ́n bá ń retí èrò. Ọ̀kan nínú wọn ní márùndínlógójì ni, ó tẹ́ ẹ fún mi: láti orí mẹ́fà ló ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn. Láìpẹ́, ìbéèrè mìíràn ní wọ́n fa káàdì kan nínú páálí tó pé, ṣé nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí mẹ́fà? Mo ní kò tiẹ̀ gba àlàyé, kò sí káàdì tó kéré sí mẹ́fà. Mo tún kùnà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé nítorí spar, ayò káàdì tí wọ́n ń ta níbẹ̀, ni wọ́n ṣe máa ń yọ àwọn kéékèèké kúrò. Awakọ̀ yẹn ò purọ́. Lójú tirẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbogbo káàdì. Mo wá wo iye tòótọ́ lórí fóònù, méjìléláàádọ́ta, ọba mẹ́rin nínú wọn, àmọ́ àwọn àwòrán kéékèèké yẹn ò dúró sí mi lórí. Bí mo bá ti rí i lónìí, ó dàrú mọ́ mi lójú lọ́la.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, baba mi bá mi níbi tí mo ti sùn lọ lórí ìwé. Ó béèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo ní ìṣirò ni. Ó ní ìṣirò kí ni, mi ò sì lè purọ́ fún un, mo ní ti káàdì ni. Ó bi mí bóyá owó wà níbẹ̀, mo ní rárá. Ó ní kí n kà á fún òun ní Yorùbá. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn ará Tafo yanjú ọ̀rọ̀ ogún àti ìgbéyàwó, kíá ló yé e. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹlẹ́rìí kan ò tó, ìkejì ò tó, àwọn méjèèjì ló tó. Ó wá béèrè iye káàdì. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń ṣiyèméjì. Ó wò mí títí, ó dìde.

Ní Sátidé, ó wé láwàní rẹ̀, ó jáde. Lẹ́yìn ìrun alaasari ló dé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kékeré kan, ó gbé e síwájú mi.

"Hwɛ, wò ó, ohun tí ò ń wá nìyí," ó ní. "Fọwọ́ kà á. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n tán, shikenan, ó parí, kó o dáná sun ún."

Mo tẹ́ àwọn káàdì náà sórí ẹní ní ìlà mẹ́rin. Òun ò fọwọ́ kàn án, tẹ̀súbáà rẹ̀ ló ń fà, àmọ́ ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó béèrè èwo ni ọba. Mo fi hàn án, ó ní kò jọ ọba.

Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́ńdè, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Adum pé baba mi wá ra káàdì. Lọ́jọ́ kan náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ alfa ní Dichemso wá sílé. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ tó ń bi baba mi ìdí tí kò fi rán ẹlòmíràn. Baba mi dá a lóhùn pé ta ni òun ì bá rán lọ ra ohun tí òun ti ní kí gbogbo wọn má fọwọ́ kàn. Ọkùnrin náà ò mu omi tá a gbé fún un. Ojú tì mí, àánú baba mi sì ṣe mí.

Mo ṣe ìdánwò náà, mo yege. Mo rò pé màá yọ̀, àmọ́ oorun ni mo sùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ní kí n dá àwọn lóhùn bóyá mò ń bọ̀, mi ò dáhùn. Ìgbà tí baba mi wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó ti sú mi láti máa méfò.

"Baba, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ?"

"Èmi yìí, pẹ̀lú láwàní lórí mi, mo lọ ra káàdì ní Adum lọ́sàn-án gangan," ó ní. "Kí ló tún kù tí o fẹ́ kí n sọ fún ọ?"

Mo ní kò ku nǹkan kan. Ó ní kí n bá òun gbé kẹ́tù àlùwàlá sún mọ́ òun, nítorí orúnkún òun.