Kọ́ọ̀kì Táńkì Alùpùpù Bàbá Mi

Òórùn epo bẹntiróòlù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, nílé wa ní Òwu. Kì í ṣe òórùn díẹ̀ tí èèyàn máa ń gbọ́ lára aṣọ mẹkáníìkì. Èyí kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ta mí lójú, ó sì ń há mi lọ́fun. Mo jáde, mo rí i pé ilẹ̀ ti tutù láti abẹ́ alùpùpù bàbá mi títí dé ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ni ìyá mi lóṣòó sí nídìí ààrò rẹ̀, ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́ta, kò gbóòórùn kankan. Mo pariwo, mo fò lọ bá a, mo já ìṣáná náà gbà.

"Kí ló dé? Ṣé orí rẹ pé?" ló bi mí.

Mo nawọ́ sí ilẹ̀. Epo náà ti dé ìdí igi tó fẹ́ dáná sí.

O ò rí alùpùpù yẹn rí, nítorí náà jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún ọ. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn fún ìjọba ni bàbá mi ti rà á nígbà tí onítọ̀hún ń padà sílùú rẹ̀. Dúdú ni, ó wúwo bí ẹṣin, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ táńkì rẹ̀. Nígbà ìjọba alágbádá tí mò ń wí yìí, kí àwọn ṣójà tó tún gba ìlú, alùpùpù Japáànù ló kún ìgboro. Tiwa nìkan ló ń dún gbù, gbù, gbù bí ẹni ń gúnyán, tí àwọn oníṣòwò Ìtòkú á fi mọ̀ pé bàbá mi ń bọ̀ kó tó yọ sí wọn. Nígbà tó kú tí ẹbí pín ohun tó fi sílẹ̀, èmi ni wọ́n fún ní alùpùpù náà. Àbúrò rẹ̀, bàbá mi kékeré tí a jọ ń gbé inú agboolé kan náà, ti fojú sí i tipẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó kàn gbọn agbádá rẹ̀, ó dìde.

Nígbà tí mo bẹ abẹ́ táńkì wò, mo rí i pé kọ́ọ̀kì ibẹ̀ ti lọ. Irin idẹ kékeré ni, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ó ní ọwọ́ téèyàn ń yí kí epo tó ṣàn lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ní ìdérí nísàlẹ̀ tí a ń tú láti fi da omi àti ìdọ̀tí inú epo nù. Ẹnìkan ti fi sípánà tú u jẹ́jẹ́, ó mú un lọ, ó sì jẹ́ kí epo máa dà. Ọkàn mi ti mọ ẹni náà, ẹ̀rí ni n kò ní.

Olùkọ́ ni mí nígbà yẹn, abúlé àwọn àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú ni iléèwé mi wà. Láìsí alùpùpù, ibi tí mọ́tò bá já mi sí ni n ó ti fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Bí mo bá sì ti ń rìn, ọ̀nà tí n ó gbà gbẹ̀san ni mò ń rò. Mo rò ó pé kí n da epo sí ìdí ààrò tiẹ̀ náà, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe pẹ́ tó lórí ìyẹn. N kò ní purọ́ fún ọ, ìbínú yẹn dùn mọ́ mi. Ó ń sọ ọ̀nà di kúkúrú.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo fi wá kọ́ọ̀kì. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ìtòkú kó ti Japáànù sílẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n eyín tí wọ́n fi ń dè kò bá ti táńkì wa mu. Wọ́n á wọlé, wọn ò ní dè. Ọ̀kan ní kí n fi ọṣẹ dí ojú ihò náà. Òmíràn ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ tà á fún àwọn onírin, ẹ lọ ra tuntun." Níkẹyìn, ẹnìkan darí mi sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń fi idẹ ṣiṣẹ́ ní Ìjemọ̀. Mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo ya kọ́ọ̀kì náà sórí ìwé, mo fi hàn án. Ó wò ó, ó tún wò mí.

"Irú èyí ti dé ọ̀dọ̀ mi," ló wí. "Àbúrò bàbá rẹ ló mú un wá. Ó ní kí n yọ́ ọ, kí n fi rọ òrùka fún òun."

Mo mọ òrùka náà. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń rí i lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo ń dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀, tó ń fi ọwọ́ yẹn kan náà gbá mi léjìká, tó ń bi mí pé, "Alùpùpù wa ńkọ́? Ṣé kò tíì jí?" Mo jókòó sórí àpótí alágbẹ̀dẹ náà títí ojú mi fi padà là.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ló yọ mí, ní Lafẹ́nwá. Ó ní ẹ̀rọ kan tó fi ń yí irin, tó ń bó o bí ẹni ń bó ọsàn. "Táńkì ni kí o gbé wá," ló sọ fún mi, "má gbé ẹnu wá." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé táńkì lọ kí eyín tó bá eyín mu. Nígbà tó parí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ṣe òmíràn.

"Alùpùpù mélòó lo ní?"

"Ọ̀kan ni, bàbá. Ẹnìkan ni mo fẹ́ ta lọ́rẹ."

Ó padà sídìí iṣẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyàwó bàbá mi kékeré bímọ obìnrin. Mo dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Gbogbo ẹbí pé sí àgbàlá, àwọn alùfáà ti ṣàdúà tán, oníkálukú ń mú ẹ̀bùn wá. Mo jáde síwájú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì tú ohun tó wà nínú aṣọ ìnujú mi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, bàbá," ni mo wí, mo sì rí i pé gbogbo wọn ń gbọ́. "Kọ́ọ̀kì táńkì ni. Ọ̀kan ti wà níka yín, ẹ fi èyí ṣe ìkejì, kí ẹ má bàa tún tú tèmi, kí epo sì má tún dé ìdí ààrò ìyá mi."

Gbogbo ojú lọ sí òrùka. Ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ agbádá, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀kì náà bọ́, ó dún lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá Kọ́ọ̀kì!" ló wí. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn aláṣọ Ìtòkú ti ń fi í kí i.

Ìyá mi ní, "Ó tó báyìí." Kò tó fún mi. Àràárọ̀ ni mo ń gbé alùpùpù gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi kékeré ti ń tajà, tí n ó rọra, kó lè dún dáadáa. Kò pé ọdún kan tó fi kó kúrò ní agboolé wa. Kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́ títí tó fi kú, wọ́n sì ń pè é ní Bàbá Kọ́ọ̀kì níbi ìsìnkú rẹ̀.

Ó lé ní ogún ọdún kí ọmọbìnrin tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà tó wá bá mi. Ó fẹ́ lọ́kọ. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó sì jókòó sí etí àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń pe bàbá mi ní Bàbá Kọ́ọ̀kì? Àwọn àna mi ń wádìí. Àwọn kan ti sọ fún wọn pé olè ni."

Mo ní n kò mọ̀. Mo ní bóyá nítorí pé ó fẹ́ràn alùpùpù ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. N kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Ìyá mi ì bá jóná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi, èyí kò kúrò lọ́kàn mi. Bí wọ́n bá tún gbé àkókò náà padà fún mi, n ó tún dójú ti ọkùnrin yẹn níwájú gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n n ó wá ọjọ́ mìíràn, tí kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.