Ọdún Tí Ìjì Kò Jà Lórí Ọ̀sà

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹni tó bá ní kò sí ọdún tí ìjì kọ̀ láti jà lórí ọ̀sà, kó wá bi mí. Sítáńdáàdì kejì ni mo kàwé mọ, ṣùgbọ́n kò sí tíṣà tó lè kọ́ mi ní afẹ́fẹ́. Lọ́dún náà, bí ọdún méjì kí a tó gba òmìnira, èbúté Ìpakodò ń rùn. Omi dúró bí omi inú ìkòkò, ẹrẹ̀ etí rẹ̀ ń rùn bí ẹja ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù ìjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ewé kan ò tíì já.

Ìgbòkun ọkọ̀ mi ló tóbi jù ní èbúté yẹn. Ẹ bi àgbà tó bá kù níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi obìnrin gúnlẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ìlú wa, òun àti ọkùnrin mẹ́fà tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀. Ó ní bàbá wa ò jẹun mọ́, pé èmi àkọ́bí ló ń pè, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní sọ fún ẹlòmíràn. Ó ní kí n bọ́ sínú ọkọ̀ wọn kíá. Mo wo àwọn ọkùnrin náà, mo rẹ́rìn-ín.

"Èmi? Kí wọ́n máa wà mí lọ sílé bí àpò gàrí?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbòkun yín tóbi lóòótọ́. Ta ni yóò bá yín fẹ́ ẹ?"

Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé n óò kọjá wọn lọ́nà. Mo ta ìgbòkun. Atẹ́gùn díẹ̀ gbé mi títí ọ̀pá tí mo fi ń ti ọkọ̀ ò fi kan ìsàlẹ̀ omi mọ́, ni atẹ́gùn náà bá kú. Mo bẹ Ọlọ́run, mo bẹ omi. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fi wa ọkọ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, àfi bí ẹni ń ti ilé. Mo sunkún. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo dé. Mùsùlùmí ni wá, a kì í gbé òkú dúró de ẹni tó ń bọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ibojì bàbá ṣì tutù. Àbúrò mi ò bú mi. Ó ní látìgbà tí àwọn ti dé ni bàbá ti ń ní kí àwọn wo igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé, tó sì ń bi àwọn pé:

"Ṣé ewé rẹ̀ ti ń mì?"

Atukọ̀ ni òun náà. Ó mọ ọmọ tó bí.

Títí dòní, bí ìjì bá ń jà tí èèyàn ń sá wọlé, èmi a jáde síta, n óò kàn dúró. Ọkọ̀ mi ò rì, ìgbòkun ò ya. Bàbá kan ló lọ, àti ọ̀rọ̀ kan.