Tápẹ́ẹ̀tì Tó Dákẹ́

Ẹsẹ̀ Màmá méjèèjì nìkan ló yọ síta. Ìyókù ara wọn wà lórí ẹní, lábẹ́ ìdí mọ́tò kékeré bìrìkìtì tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ṣòkòtò bàbá àgbà tó ti kú ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi ọ̀já dè é mọ́dìí. Ìrì ṣì wà lára irin, òórùn kẹrosíìnì àti ọ́ìlì dúdú sì gba gbogbo àgbàlá wa n'Íjẹ̀bú-Òde.

Ìyá ìyá mi ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kan tápẹ́ẹ̀tì mọ́tò wọn, àwọn irin kéékèèké tó ń ṣí fáàfù inú ẹ́ńjìnnì. Ẹnìkan ti ṣe é rí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, fáàfù kan sì jóná, nígbà tí páàtì mọ́tò wọ́n bí ojú. Láti ìgbà náà, àfi kí mọ́tò sùn, kó tutù bí omi àmù, kí wọ́n tó tú u.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, wọ́n ti gbé ìwo onígi tí wọ́n fi ń gbọ́ ọmọ inú oyún lé ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé mọ́tò fẹ́ bímọ.

"Ọ̀kan ti dákẹ́," ni wọ́n wí.

Èkó la fẹ́ lọ. Ìyá mi ti kú, bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó míì, wọ́n sì ránṣẹ́ pé kí Màmá dá mi padà wá. Ẹ̀rù ilé yẹn ń bà mí gan-an, àmọ́ n ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lábẹ́ mọ́tò, Màmá ń ti irin pẹlẹbẹ kan, tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, bọ àárín tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bó bá wọlé tó sì fà díẹ̀, wọ́n á kùn bí ẹni tó jẹun yó. Wọ́n dé orí ọ̀kan, irin náà kọ̀, kò wọlé.

"Hẹn-ẹn! Ó ti há. Ṣé o rí i, ọkọ mi? Èyí tó ń pariwo kò burú, àyè wà níbẹ̀. Èyí tó dákẹ́ ló ń jóná lọ." Wọ́n fi sípánà tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. "Bí ọmọ tuntun náà ṣe rí nìyẹn. Èyí tó bá ké kò dẹ́rù bà mí rí."

Wọ́n wọ́ jáde, ọ́ìlì níwájú orí, wọ́n sì wò mí.

"Ìwọ náà. Ẹnu tí kì í sinmi, láti àná kò gbin. Kí ló há?"

Ni mo bá bú sẹ́kún. "Ẹ má mú mi lọ, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n padà sábẹ́ mọ́tò, wọ́n ṣe ìyókù parí, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ bùbá tó dáa, wọ́n sì wa mọ́tò lọ sí Èkó láwọn nìkan.

Mo jókòó sẹ́nu géètì títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìjàpá láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Màmá ò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ní, "Bàbá ẹ ti gbà. Ọ̀dọ̀ mi lo wà."

Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ ọ́ lọ. Wọ́n ti lọ, mọ́tò náà ti lọ. Ìwo onígi yẹn wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn aládùúgbò máa ń ní ariwo àwọn ọmọ mi ti pọ̀ jù. Kò kàn mí. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́ nídìí oúnjẹ, màá gbé abọ́ mi sílẹ̀, màá lọ jókòó tì í, màá sì bi í pé, "Kí ló há?"